Dúdú Kì í Ṣe Eérú: Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Fótò Tó Jọ Wá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ní Ìsìkàn àti ní gbogbo ọjà Oǹdó, lónìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ ni a gbé wá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ fótò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Owó gidi ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà lọ́wọ́ wa, ó sì ń bu iyì àwọn òbí wa kù.

Níbí wa, a kì í sin àgbàlagbà láìsí àwòrán. Bí Màmá bá ti fi ilẹ̀ bora, fótò ni nǹkan àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ń wá. A ó lẹ ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, a ó gbé ńlá kọ́ sí oríta, a ó tẹ òmíràn sára ìwé ètò ìsìnkú, sára kálẹ́ńdà àti abẹ̀bẹ̀. Èyí tó tóbi jù, tí a fi férémù sí, ni a ó gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Nígbà tí ìnáwó bá parí, jíjẹ ti tán, mímu ti tán, aṣọ ẹbí náà á gbó lọ́jọ́ kan. Fótò yẹn ni yóò kù lára ògiri. Òun ni ọmọ-ọmọ tí kò bá Màmá láyé yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń gbé fún wa. Màmá tó jẹ́ adúmáradán, tó dú bí kóró iṣin, a gbà á lọ́wọ́ atẹ̀wé, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n fi eérú pa lára. Aṣọ ẹtù tó wọ̀ ti di aṣọ àlòkù. Lẹ́ẹ̀sì dúdú tó ná owó gọbọi ń yọ àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ á wò ó, wọ́n á mi kanlẹ̀, wọ́n á sanwó, torí pé òkú ló wà nílẹ̀, ta ni yóò máa bá atẹ̀wé fa ọ̀rọ̀? Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ béèrè, wọ́n á ní, "Màmá, bí ẹ̀rọ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Àwa ò gbà. Ẹ̀rọ tó ń tú íǹkì sórí pépà lè tẹ dúdú tó jinlẹ̀ dáadáa, kódà èyí tí kò wọ́n púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá gba owó fótò, tó wá gbé eérú fún wa, ó ta kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú fún wa ni. Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń ṣe sí oníkóńgò bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Kí ló dé tí a fi ń gbà á nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà? Ohun kan náà ló fà á: ojú wa mọ kóńgò, kò tíì mọ fótò. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n.

BÍ ALÁRÓ ṢE Ń ṢE É

A ti mọ ọ̀nà dúdú tipẹ́ nílẹ̀ yìí. Ẹ bi àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ aró. Ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ri aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ayìnrín ló máa jẹ́. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Àrìtúnrì ni aṣọ fi ń dú títí yóò fi máa kọ yẹ̀rì lójú. Síbẹ̀, bí aṣọ náà kò bá gba aró, ìgbà ogún tí ẹ bá rì í, òfo ni. Bí aró bá ti kú nínú ìkòkò, òfo náà ni. Bí ọwọ́ aláró bá ń kánjú, òfo ni. Aṣọ, aró, ọwọ́: mẹ́ta yìí ni.

Bí fótò náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Pépà ni aṣọ. Íǹkì ni aró. Ètò tí ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bá ṣe, òun ni ọwọ́. Ibikíbi tí fótò bá ti di eérú, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló bàjẹ́.

PÉPÀ

Pépà ni ẹ̀bi pọ̀ jù sí lọ́wọ́. Pépà tí à ń tẹ lẹ́tà sí, tó wúwo bíi gíráàmù 70 tàbí 80, ńṣe ló ń mu íǹkì bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Íǹkì á rì wọnú rẹ̀, fọ́nrán pépà funfun á wá bò ó, ojú wa á rí eérú. Kò sí bí íǹkì ṣe lè dára tó, pépà yẹn kò lè gbé dúdú tó jinlẹ̀ jáde. Pépà fótò yàtọ̀. Wọ́n ti fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú rẹ̀ tó ń gba íǹkì dúró lókè, tí kì í jẹ́ kó rì. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 180 sí 260.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: wíwúwo nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Káàdì líle tí a fi ń ṣe ìwé ìpè lè wúwo, kí ó má sì ní ohun ìpara lójú, yóò mu íǹkì bákan náà. Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ìka, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun pépà tí wọn kò tíì tẹ̀. Ojú tó jẹ́ ti fótò máa ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀. Èyí tí kò bá lẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kó má jẹ́ pépà fótò rárá. Ọ̀pọ̀ pépà fótò, ojú kan ṣoṣo ló ṣeé tẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kánjú sì máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ẹ tún mọ̀ pé pépà tó ń dán máa ń gbé dúdú jáde ju èyí tí kò dán lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò dán, torí pé kì í kọ mànà bí iná bá kàn án, ẹ mọ̀ pé dúdú rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe èrú, bí ó ti máa ń rí ni. Ohun tó jẹ́ èrú ni kí a san owó èyí tó ń dán, kí wọ́n gbé pépà lẹ́tà fún wa.

ÍǸKÌ

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, íǹkì mẹ́rin ló ń lò: dúdú, búlúù bí ojú ọ̀run, pupa bí omi ìsápá, àti yẹ́lò. Oríṣi íǹkì méjì ló wọ́pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí. Ọ̀kan yọ́ pátápátá sínú omi bí aró, ó máa ń wọnú ohun tó bá bà lé. Èkejì dà bí osùn tí a pò mọ́ omi, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò yọ́, òkè ló máa ń jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì, íǹkì dúdú wọn jẹ́ ti oníyẹ̀fun, torí pé lẹ́tà orí pépà lásán ni wọ́n ṣe é fún. Bí ó bá bà lé pépà tó ń dán, kì í mú un, ọwọ́ á nù ún kúrò.

Nítorí èyí, bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti gbọ́ pé pépà fótò ló wà níwájú òun, á gbé íǹkì dúdú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á wá po búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ kí wọ́n lè di dúdú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni ò mọ̀ nìyí. Bí ihò kékeré tí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ń gbà jáde bá dí, dúdú ti bàjẹ́ nìyẹn, bí íǹkì dúdú tilẹ̀ kún ilé rẹ̀ dẹ́nu. Bí pupa bá dí, gèlè dúdú Màmá á yọ àwọ̀ ewé. Bí búlúù bá dí, á pọ́n bí amọ̀. Bí yẹ́lò bá dí, á yọ àwọ̀ búlúù. Ẹ rántí mẹ́ta yìí, ẹ ó mọ àrùn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ṣáájú ẹni tó ni ín.

Kí ló ń dí ihò náà? Ọjọ́ tí iná kò bá wá, tí ẹ̀rọ jókòó lásán, íǹkì á gbẹ síbẹ̀. Ọyẹ́ náà máa ń gbẹ ẹ́. Eruku ń dí i. Íǹkì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀rọ tí wọn kò ṣe é fún ń dí i. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ìwé ìdánwò kan wà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè tẹ̀, tó ń fi ìlà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ìlà bá já níbì kan, ihò ti dí nìyẹn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

ÈTÒ

Bí pépà dára, tí íǹkì pé, ó ku ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kò ní ojú, ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Bí pépà fótò bá wà níwájú rẹ̀, tí wọn kò yí ètò inú kọ̀ǹpútà kúrò ní ti pépà lásán, íǹkì tí yóò tú jáde kò ní bá pépà náà mu, dúdú kò sì ní jinlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ètò wéré-wéré tó fẹ́ dín íǹkì kù. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí fótò bá sì jáde, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi gíláàsì bò ó, kí omi íǹkì má baà ba inú gíláàsì jẹ́.

ÈÉDÚ NÁÀ KÌ Í ṢE DÚDÚ

A ní láti sọ èyí dáadáa, kí àwọn ọmọ wa má baà ṣì wá gbọ́. Bí a bá ní kí fótò dú, àwọn kan á kàn fa gbogbo rẹ̀ sókùnkùn. Ẹyinjú Màmá àti eyín rẹ̀ nìkan ni yóò kù, ojú rẹ̀ ti di èédú, ilà ojú rẹ̀ ti sọnù, a ò mọ ibi tí gèlè ti parí tí iwájú orí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe dúdú tó jinlẹ̀. Dúdú tó jinlẹ̀ ni èyí tó dú níbi tó yẹ kó dú, tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì hàn.

Ẹ wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n bí ní 1930, tó sì kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní funfun àti dúdú: onílé gogoro, irun tí wọ́n fi òwú dúdú kó, oríṣiríṣi. Òwú dúdú lórí irun dúdú, lórí awọ ara dúdú, síbẹ̀ ẹ ó rí gbogbo ìlà tí olóòyà yà. Ohun tí à ń béèrè nìyẹn.

Ẹ sì wo ògiri ilé yín. Fótò àwọn ìyá wa tí wọ́n yà ní ilé fótò ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n bá fọ̀ dáadáa nígbà náà, ṣì dú títí dòní. Fàdákà ni dúdú inú wọn. Àwọn aláwọ̀ mèremère tó tẹ̀ lé wọn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti pọ́n tàbí ṣá, torí aró lásán ni wọ́n fi ṣe é, oòrùn sì ń jẹ aró. Íǹkì tó ń yọ́ bí aró náà ní irú àìsàn yìí: ẹ má gbé fótò rẹ̀ kọ́ síbi tí oòrùn ti ń tàn tààrà, ẹ sì fi gíláàsì bò ó. Oníyẹ̀fun tó bá pépà mu máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti ẹbí tó ń gbé iṣẹ́ lọ. Fótò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Èkó dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, ti sọ púpọ̀ nínú ara rẹ̀ nù lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ti inú fóònù, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kò ní fọ́. Bí ó bá jẹ́ ti ara ògiri, ẹ má fi fóònù yà á láti orí gíláàsì. Iná á kọ mànà lórí rẹ̀, dúdú á di eérú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé rárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, ẹ gbé e lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbà á sínú kọ̀ǹpútà.

ÀWỌN TÓ SỌ̀RỌ̀ NI WỌ́N ṢE É FÚN

Àwọn kan lè ní, "Ṣé àwa obìnrin ọjà la fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ òyìnbó bí yóò ṣe ṣiṣẹ́?" Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ fótò dára, àwòrán obìnrin òyìnbó kan ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí tirẹ̀ bá ti mọ́, ó tán. Awọ ara wa kò sí nínú òṣùwọ̀n wọn, ìdí nìyẹn tí aláwọ̀ dúdú fi ń jáde bí òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó nínú fótò kan náà. Obìnrin olùwádìí kan ní Kánádà, Lorna Roth, tú ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àwọn tó mú Kodak tún fíìmù wọn ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi. Wọ́n ní àwọn ò lè fi fíìmù yẹn polówó ọjà àwọn, ṣokoléètì dúdú àti ṣokoléètì onímílíìkì ń jọ ara wọn, pákó kan kò yàtọ̀ sí òmíràn.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ̀yin ọmọ oníkòkó, ẹ ò rí nǹkan! Kòkó lẹ́nu láti béèrè kí dúdú òun hàn dáadáa, àwa tí à ń gbin kòkó ni a dákẹ́. Kì í ṣe àánú ló mú Kodak gbọ́. Oníbàárà tó mú owó dání, tí wọ́n sì ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ni wọ́n gbọ́ tiwọn. Owó wà lọ́wọ́ tiwa náà. Nínú ìnáwó Sátidé kan ṣoṣo ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, mélòó la ń tẹ̀?

ÌMỌ̀RÀN WA

A ò sọ pé kí a máa bá àwọn ọmọ wa jà. Ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ atẹ̀wé tó wà lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, tó yí FUTA ká, tó wà ní Yábà l'Óǹdó. A mọ̀ pé íǹkì gidi ti wọ́n. A mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo. A sì mọ̀ pé oníbàárà wà tó máa ná fótò títí owó tó kù kò ní ra pépà gan-an, ká má tilẹ̀ sọ íǹkì. Ẹni tó bá ná ọjà dé bẹ́ẹ̀, kó má retí dúdú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta òkìríkà máa ń sọ pé òkìríkà ni. Kí atẹ̀wé náà pe ọjà rẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́. Kó ní iye méjì: ti pépà lásán, ti pépà fótò. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé èyí tó rẹlẹ̀, kó gbà á tayọ̀tayọ̀, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin síwájú ẹgbẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó:

Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má san gbogbo owó kí wọ́n tó tẹ kékeré kan hàn án lórí pépà tí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Kó gbé e jáde síta, kó wò ó lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì, kí irú pépà àti iye ẹyọ wà nínú rìsíìtì.

Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ bá ju fótò kan lọ, kí wọ́n tẹ ìwé ìdánwò ẹ̀rọ níṣojú wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ pe àwọn atẹ̀wé àti àwọn ayàwòrán jókòó, kí a jọ fẹnu kò. Èyí tó bá ń ṣe dáadáa, kí gbogbo wa máa gbé iṣẹ́ lọ fún un. Ìpolówó tó ju ìyẹn lọ kò sí.

Ní Oǹdó, oyè obìnrin kan wà tí à ń pè ní Lọ́bùn, òun ni àṣà fi ọ̀rọ̀ ọjà sí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìlú ti gbà pé obìnrin mọ òṣùwọ̀n, obìnrin mọ ojúlówó. Kò yẹ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ máa gba eérú ní iye dúdú.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán àwọn ìyá wa jọ wọ́n. Wọ́n dú, wọ́n ń dán, wọ́n sì lẹ́wà. Kí ọmọ-ọmọ wọn rí i bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Olúwa á jẹ́ ká ta, á jẹ́ ká jèrè, kò ní jẹ́ ká fowó ra àbùkù.